Níbo Ni Wọ́n Fi Ìyá Sí? Obìnrin àti Ipò Ìyá nínú Ìtàn Ìlú Àlá-Rere

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, Òṣogbo



Ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ọ̀nà tí àwọn òǹkọ̀wé ìtàn-àròsọ sáyẹ́ǹsì ń gbà ṣe àfihàn obìnrin àti ipò ìyá, pàápàá nínú irú ìtàn tí ó ń ya àwòrán ìlú kan tí gbogbo nǹkan ibẹ̀ ti dára. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ó kan olórìṣà nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ìpàdé kan dáhùn.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a pe ìpàdé kan láti gbèrò ilé ẹ̀kọ́ tí a óò ti máa kọ́ àwọn ọmọ olórìṣà ní Ifá àti ìṣẹ̀ṣe. Ọkùnrin ni gbogbo àwa tí a jókòó. Èmi ni akọ̀wé. Láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni a ń sọ, ọ̀rọ̀ búlọ́ọ̀kù ni a ń sọ, ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò jẹ́ olórí ilé ẹ̀kọ́ ni a ń sọ. Àwọn obìnrin wà ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ń dáná. Nígbà tí ìyá àgbà kan gbé oúnjẹ wọlé, ó gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí a ń bá bọ̀, ó sì béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ẹ̀yin bàbá, ta ni yóò máa jí àwọn ọmọ náà láàárọ̀?" A rẹ́rìn-ín. A dúpẹ́ oúnjẹ lọ́wọ́ ìyá. N kò kọ ìbéèrè náà sínú ìwé ìpàdé. Títí di òní olónìí, ilé ẹ̀kọ́ náà kò kọjá ìpìlẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ojú mìíràn ka ìtàn tí ènìyàn bá ti ń tẹ ìlú tuntun dó.

Ní ọdún 1516, Thomas More, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé kan nípa erékùṣù kan tí ìgbé ayé ibẹ̀ létò. Láti inú èdè Gíríìkì ni ó ti ṣẹ̀dá orúkọ erékùṣù náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ibi tí kò sí níbì kankan. Orúkọ yìí ni ó di orúkọ gbogbo irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Ní Yorùbá, èmi a máa pè é ní ìtàn ìlú àlá-rere. Bí òǹkọ̀wé bá wá fi ẹ̀rọ àti ìmọ̀ tí kò tíì dé ayé kún un, ó di ọ̀kan nínú ẹ̀ka ìtàn-àròsọ sáyẹ́ǹsì. Ẹni tí ó ń kọ irú ìtàn yìí ní àṣẹ lórí ohun gbogbo. Ó lè wó ilé, ó lè yí òfin padà, ó lè sọ pé kí ikú má pa ọmọdé mọ́. Nítorí náà, ibi tí ó bá fi ìyá sí nínú ìlú rẹ̀ kì í ṣe èèṣì. Ohun tí ó wà ní ọkàn rẹ̀ ni. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a mú dání lónìí kò ju ẹyọ kan lọ: níbo ni wọ́n fi ìyá sí?

Àwa náà ní ìtàn bí a ṣe gbìyànjú láti tún ayé tò. Nínú Ọ̀ṣẹ́túrá, Ifá kọ́ wa pé irúnmọlẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá sí òde ìsálayé láti tún un ṣe. Mẹ́rìndínlógún jẹ́ ọkùnrin. Ọ̀ṣun nìkan ni obìnrin. Wọ́n la igbó Orò, wọ́n la igbó Eégún, wọ́n gbé ìlànà kalẹ̀, wọn kò sì fi ọ̀kankan nínú rẹ̀ lọ Ọ̀ṣun. Ọ̀ṣun kò bá wọn jà. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń fi òòyà iyùn ya irun orí rẹ̀. Ni ohun gbogbo bá dàrú. Òjò kò rọ̀, ẹbọ kò dà, aboyún kò sọ̀ ní wẹ́rẹ́. Àwọn mẹ́rìndínlógún padà tọ Olódùmarè lọ láti fi ẹjọ́ ayé sùn. Olódùmarè bi wọ́n pé ẹni mélòó ni wọ́n. Wọ́n ní mẹ́tàdínlógún ni àwọn. Ó bi wọ́n pé ǹjẹ́ wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ lọ ẹnì kẹtàdínlógún. Wọ́n dákẹ́. Ó ní kí wọ́n padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹ kíyè sí ìbéèrè Olódùmarè. Kò bi wọ́n pé, "Ta ni yóò bímọ fún yín?" Ohun tí ó bi wọ́n ni pé, "Ẹni mélòó ni yín?" Ìbéèrè nípa ìgbìmọ̀ ni. Kí oyún tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà rárá, Ọ̀ṣun ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí a fi iṣẹ́ ayé rán. Lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ ni ó sọ̀rọ̀ oyún tí ó wà nínú rẹ̀, pé bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, ọmọ náà ni yóò máa bá wọn rìn. Ọmọ náà ni Ọ̀ṣẹ́túrá, ẹni tí ó ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run.

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́bìnrin inú wa ti ń bi mí nínú ọkàn wọn pé kí ló dé tí ó fi jẹ́ dandan kí ọmọ náà jẹ́ ọkùnrin. Ìbéèrè tí ó tọ́ ni, n kò sì fẹ́ fò ó. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn mẹ́rìndínlógún ti la igbó tí obìnrin kò lè wọ̀. Ọ̀ṣun wá fi ara rẹ̀ sínú ẹni tí wọn kò lè lé jáde. Odù náà pa nǹkan méjì mọ́ fún wa pọ̀: àbùkù àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, àti ọgbọ́n ìyá. Ẹni tí ó bá ń ka ọgbọ́n ìyá nìkan láì ka àbùkù náà ti ka ìdajì Ifá.

Ẹ jẹ́ kí a gbé òṣùwọ̀n yìí lọ sí inú ìwé àwọn aráyé yòókù, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmọlẹ̀ tí D. O. Fágúnwà gbé jáde ní 1938 kì í ṣe ìtàn sáyẹ́ǹsì, ṣùgbọ́n ìrìn àjò sí Òkè Láńgbòdó tí ó wà nínú rẹ̀ jẹ́ wíwá ire fún ìlú. Kí Àkàrà-oògùn tó dá ìrìn àjò kankan rárá, ìyá rẹ̀ tí a pè ní àjẹ́ ti kú nípa ìbọn bàbá rẹ̀. Ọkùnrin ni gbogbo àwọn akọni ọdẹ tí wọ́n lọ sí Láńgbòdó. Nígbà tí obìnrin kan dì mọ́ Kàkó pé kí ó má fi òun sílẹ̀, Kàkó yọ àdá sí i. Mo fẹ́ràn ìwé náà, n óò sì máa fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí a fi ìyá sí níbẹ̀ ni ẹ̀yìn, kí ọ̀nà lè là fún akọni.

Aldous Huxley, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Brave New World jáde ní 1932. Nínú ìlú tí ó júwe, a kì í lóyún mọ́. Inú ìgò ni a ti ń sin ọmọ, ẹyin kan ṣoṣo sì lè di ọmọ 96. Ọ̀rọ̀ náà "ìyá" ti di ọ̀rọ̀ rírùn tí ènìyàn kì í sọ láwùjọ kí ojú má tì í. Ìkìlọ̀ ni Huxley ń ṣe, kì í ṣe ìyìn. Ó rí i pé bí ìjọba bá fẹ́ ní ènìyàn lódindi, ẹni àkọ́kọ́ tí yóò lé kúrò lọ́nà ni ìyá, nítorí pé ọmọ tí ó ní ìyá ní ibi tí yóò sá sí.

Ṣáájú rẹ̀, ní 1915, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Charlotte Perkins Gilman, ti kọ ìtàn Herland sínú ìwé ìròyìn tirẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta dé ilẹ̀ kan tí ọkùnrin kò ti sí fún ọdún 2000. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ń bímọ láìsí ọkọ. Igbó wọn mọ́ bí ọgbà, kò sí ogun, ebi kì í pa ọmọ ẹnikẹ́ni, ipò ìyá sì ni ó dà bí ẹ̀sìn wọn. Bí a bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, inú wa yóò dùn: níhìn-ín, ìyá wà ní orí ìtẹ́! Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó síwájú sí i. Ìlú náà ni ó ń pinnu ẹni tí ó yẹ láti bímọ. Obìnrin tí wọ́n bá rí ìwà tí kò dára lára rẹ̀, wọn a bẹ̀ ẹ́ kí ó yááfì ọmọ bíbí. Bí ó bá sì bímọ, àwọn tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ọmọ títọ́ ni wọ́n sábà máa ń tọ́ ọ. Gilman gbé ìyá ga tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé obìnrin kò ní ọ̀nà mìíràn láti jẹ́ ẹni ńlá. Orí ìtẹ́ náà lè di ẹ̀wọ̀n.

Ẹ̀kẹta ni Woman on the Edge of Time tí Marge Piercy, ará Amẹ́ríkà pẹ̀lú, kọ ní 1976. Connie, obìnrin tálákà kan tí wọ́n ti gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, tí wọ́n sì tì mọ́ ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ, ń rí ìlú Mattapoisett ní ọdún 2137. Níbẹ̀, ẹ̀rọ ni ó ń gbé oyún. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìyá mẹ́ta, ọkùnrin lè wà lára wọn, ó sì lè fún ọmọ ní ọmú. Àwọn obìnrin ibẹ̀ sọ pé àwọn fi agbára kan ṣoṣo tí àwọn ní sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè dọ́gba. Inú Connie kọ́kọ́ ru, bí inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ṣe ń ru báyìí. Ṣùgbọ́n ó rí i pé kò sí ọmọ tí ẹnikẹ́ni ń lù níbẹ̀, kò sì sí ìyá tí a gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí òṣì.

Gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, ohun kan pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìwé náà. Kí ọkùnrin àti obìnrin lè dọ́gba, Piercy ní láti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ tuntun tí kò fi akọ tàbí abo hàn. Ohun tí ó ń fojú sọ́nà fún ní 2137, àwọn baba ńlá wa ti ń sọ ọ́ tipẹ́: "ó" ni ọkùnrin, "ó" ni obìnrin. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ti fi irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ṣe iṣẹ́ pàtàkì nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1997, The Invention of Women. Síbẹ̀, kí a má yin ara wa jù. Àwa tí a jókòó ní ìpàdé ọjọ́ náà, "ó" ni a ń sọ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán, obìnrin kò sì sí láàárín wa.

Ìwé tí ó sún mọ́ wa jù lọ nínú gbogbo wọn wá láti ọwọ́ ọmọ òkè òkun. Nalo Hopkinson, tí a bí ní Jamaica, tí ó sì ti gbé ní Canada, kọ Midnight Robber ní ọdún 2000. Àwọn ọmọ adúláwọ̀ Caribbean ti tẹ ilẹ̀ dó sórí ayé mìíràn kan, wọ́n ń pè é ní Toussaint. Ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n kan ni ó ń ṣọ́ gbogbo ìlú, orúkọ rẹ̀ sì ni Granny Nanny, tí ó rán wa létí Nanny, akọni obìnrin tí ó darí àwọn ẹrú tí wọ́n gba ara wọn sílẹ̀ ní Jamaica. Ohùn ẹ̀rọ tí ó ń dáhùn nínú ilé kọ̀ọ̀kan, tí ó ń jẹ́ iṣẹ́ láàárín ènìyàn àti Granny Nanny, ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀: eshu. Ẹ rí i pé a kò sọnù nínú ọjọ́ ọ̀la aráyé. Òkun kò gbé Èṣù lọ.

Ṣùgbọ́n Hopkinson kò tàn wá. Toussaint dára nítorí pé ó ń kó gbogbo ọ̀daràn rẹ̀ lọ sí ayé mìíràn tí ojú Granny Nanny kò tó. Ibẹ̀ ni bàbá kan gbé ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré, Tan-Tan, lọ, tí ó sì ṣe é ní ohun tí bàbá kì í ṣe sí ọmọ. Ní ọjọ́ tí ó pé ọmọ ọdún 16, Tan-Tan gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá náà kú, ṣùgbọ́n oyún rẹ̀ kù nínú ọmọ náà. Ìyá tí kò fẹ́ jẹ́ ìyá ni Tan-Tan. Òǹkọ̀wé náà kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bo ìbínú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Inú igbó, láàárín àwọn ẹ̀dá tí a ń pè ní douen, ni ó sá sí. Ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé àwọn ẹyẹ ńlá tí gbogbo ènìyàn rò pé ẹran arẹrù lásán ni, obìnrin àwọn douen ni wọ́n! Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n lọ́gbọ́n. Àwọn ènìyàn tí ń gbé ẹrù lé wọn lẹ́yìn kò mọ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni kò bá wọn sọ̀rọ̀ rí.

Nígbà tí mo kà á débẹ̀, mo pa ìwé náà dé. Ìyá tí ó gbé oúnjẹ wọlé ni mo rí.

Ní ìparí, Tan-Tan bí ọmọkùnrin. Ó sọ ọ́ ní Tubman, orúkọ Harriet Tubman, ẹni tí ó kó ẹrú jáde sí òmìnira. Granny Nanny, ẹ̀rọ tí ó dà bí ìyá ìlú, ti fi ara rẹ̀ sínú ara ọmọ náà láti inú oyún, kí ó lè dé ibi tí ojú rẹ̀ kò tó tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ awo, ta ni ó rán yín létí? N kò sọ pé Ọ̀ṣẹ́túrá ni òǹkọ̀wé náà ń ròyìn. Ohun tí mo sọ ni pé ìtàn méjèèjì mọ ohun kan náà: ìlú tí ó bá ti ìyá sẹ́yìn ìlẹ̀kùn, ọmọ inú oyún ni yóò tún ṣí ìlẹ̀kùn náà.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ inú ìwé nìkan ni èyí. Ní 1978, ní Oldham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a bí Louise Brown, ọmọ àkọ́kọ́ tí oyún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nínú àwo dókítà. Ní 2017, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà ròyìn pé àwọn fi ọlẹ̀ àgùntàn tí oṣù rẹ̀ kò pé sínú àpò ọ̀rá olómi, ó sì ń dàgbà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4. Ọmọ tí kò pé oṣù ni wọ́n ń wá ọ̀nà láti gbà là, iṣẹ́ ire sì ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá lè gbé oyún lọ́la, àwọn tí wọ́n ti ń sọ pé oyún nìkan ni iyì obìnrin yóò bá ara wọn lẹ́nu ọ̀nà láìní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ìdí ọpọ́n mi. Obìnrin kan tí ó ti ń wá ọmọ fún ọdún mọ́kànlá wá bá mi. Mo rò pé ọmọ ni yóò béèrè. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Bí n kò bá bímọ títí láé, ṣé Ọ̀ṣun mọ̀ mí?"

Ìtàn ìtẹ̀dó ìlú yìí ni mo fi dá a lóhùn. Nígbà tí Láróóyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ dé etí odò yìí, wọ́n gé igi, igi náà sì wó sínú omi. Ohùn kan ké láti inú odò. Kò sọ pé wọ́n ti pa ọmọ òun. Ó ní wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Aláró ni a bá níbí! Kí a tó mọ Ọ̀ṣun gẹ́gẹ́ bí olómi tí ń fún àgàn lọ́mọ, oníṣẹ́ ọwọ́ tí ó ní ìkòkò, tí ó ní ọjà, tí ó sì ní ilẹ̀ ni a kọ́kọ́ pàdé, a sì ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí a tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Mo sọ fún obìnrin náà pé ẹni tí Ọ̀ṣun bá fi iṣẹ́ rán, Ọ̀ṣun mọ̀ ọ́n. Ó sunkún. A jọ ṣe ìwúre, a sì bẹ̀bẹ̀ ọmọ pẹ̀lú. Àdúrà kan kò lé èkejì jáde.

Èdè wa gbè mí lẹ́sẹ̀. Nínú Yorùbá, "ìyá" kì í ṣe ẹni tí ó bímọ nìkan. Ìyálóde, Ìyálọ́jà, Ìyá Ọ̀ṣun: orúkọ oyè ni, orúkọ iṣẹ́ ni. Ẹfúnṣetán Aníwúrà jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú nígbà ìrọbí. Ìyá ni ẹni tí ìwàláàyè ẹlòmíràn wà lábẹ́ ojú rẹ̀, tí a sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀. Bí a bá mú àṣẹ náà kúrò, tí a fi ìtọ́jú nìkan sílẹ̀ fún un, ìránṣẹ́ ni a ń pè ní ìyá.

Nítorí náà, nǹkan mẹ́ta ni mo bẹ̀ ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí a tó ṣí ìpàdé èyíkéyìí, kí alága béèrè ìbéèrè Olódùmarè sókè: ẹni mélòó ni wa? Bí ẹnì kẹtàdínlógún kò bá sí níbẹ̀, kí a sún ìpàdé síwájú. Èkejì, kí a jáwọ́ nínú fífi ọmọ bíbí díwọ̀n obìnrin nínú ìwúre àti nínú ẹ̀fẹ̀ wa. "Òrìṣà bí ìyá kò sí" jẹ́ òtítọ́. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di pàṣán fún ẹni tí kò tíì rí ọmọ. Ẹ̀kẹta jẹ́ ti ẹ̀yin ọ̀dọ́: ẹ kọ ìtàn ìlú àlá-rere tiwa, ní Yorùbá, kí eshu inú ìwé òkè òkun lè padà wálé gbọ́ èdè rẹ̀.

Ní ti ìyá tí ó béèrè ẹni tí yóò máa jí àwọn ọmọ, ó ti wọ káà ilẹ̀ lọ. N kò bẹ̀ ẹ́ kí ó tó lọ, ó sì ń dùn mí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ṣí ìwé ìpàdé ọjọ́ náà, mo kọ ìbéèrè rẹ̀ sí etí ojú ìwé, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Bí a bá tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà, ibẹ̀ ni a óò ti bẹ̀rẹ̀.

Oore yèyé Ọ̀ṣun o! Àbọrú, àbọyè. Àṣẹ.